Ẹ bá wa dá sí i: báwo ni ọmọ ṣe ń ka ìwé àwọn oníṣègùn Yúróòpù àtijọ́ lórí ọpọlọ?

IyaIbeji_Houston

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọbìnrin mi àgbà ń ṣe AP European History (ìtàn Yúróòpù) àti AP Psychology (ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá) pọ̀ ní sáà yìí; AP ni ẹ̀kọ́ ìpele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní girama níbí ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ ìtàn rẹ̀ ní kí ó wá ìwé mẹ́ta tí àwọn ará Yúróòpù ayé àtijọ́ fọwọ́ ara wọn kọ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ó sì ṣàlàyé bí òpìtàn ṣe lè lò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ló mú, nítorí pé orí ẹ̀kọ́ ọpọlọ ni wọ́n wà lọ́wọ́lọ́wọ́ nínú Psychology, kí iṣẹ́ kan lè ran èkejì lọ́wọ́.

Ó ti rí Vesalius ti 1543, Thomas Willis ti 1664 àti Paul Broca ti 1861, gbogbo wọn ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bó ṣe kọ iṣẹ́ náà kò tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn. Gbólóhùn tó bá ìwé sáyẹ́ǹsì òde òní mu, ó kọ "òótọ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá a mu, ó kọ "àṣìṣe". Olùkọ́ dá ìwé náà padà, ó ní ó ti fún àwọn òkú ní máàkì, kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Akáǹtáǹtì ni mí, n kò ka ìtàn kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama. Ta ló lè tọ́ wa sọ́nà? Ọmọ náà ń ka Yorùbá dáadáa, ohun tí ẹ bá kọ ló máa kà fúnra rẹ̀.

OlukoItan

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Olùkọ́ yẹn mọṣẹ́. Kí ọmọ wa fi "òótọ́" àti "àṣìṣe" sílẹ̀ ná. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, a sì mọ bí àwọn àgbà ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ nílé wa. Wọn kì í bi ẹlẹ́rìí bóyá ó gbọ́n. Níbo lo dúró sí? Kí lo fojú ara rẹ rí, kí lo sì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn? Ta ló pè ọ́ wá jẹ́rìí?

Ẹ jẹ́ ká fi Vesalius bẹ̀rẹ̀. Brussels ni wọ́n ti bí i ní 1514, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì Padua ní Ítálì, níbi tí ó ti ń la òkú níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1543 wọ́n tẹ ìwé ńlá rẹ̀, De humani corporis fabrica, ní Basel. Ìpín keje, tó kẹ́yìn, ló fi sọ ti ọpọlọ. Títí di ìgbà yẹn, Galen ni àwọn dókítà Yúróòpù gbójú lé, oníṣègùn Gíríìkì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì. Galen kọ ọ́ pé àwọ̀n iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní rete mirabile ní Látìn, pé ibẹ̀ ni èémí tí ń gbé ìmọ̀lára àti ìṣípòpadà káàkiri ara ti ń jáde. Àwọ̀n náà wà lóòótọ́, nínú orí màlúù, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí nínú orí èèyàn. Ẹranko ni Galen ń là.

Ọmọ tó ń fún òkú ní máàkì á kọ "Galen ṣàṣìṣe, Vesalius tún un ṣe", á sì kọjá lọ. Ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ní 1538, ọdún márùn-ún péré ṣáájú, Vesalius fúnra rẹ̀ ya àwọ̀n yẹn sínú àwòrán ara èèyàn tó tẹ̀ jáde. Nígbà tó di 1543, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, òun kì í la orí èèyàn ní gbangba láìní orí ọ̀dọ́ àgùntàn tàbí ti màlúù nítòsí, kí òun lè rí àwọ̀n Galen fi han àwọn èèyàn. Kí ọmọ wa dúró síbẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin tó ní orí èèyàn lọ́wọ́, tó ń wò ó, tí kò rí nǹkan náà, tó sì lọ gbé orí àgùntàn wá: kí ni ìyẹn ń sọ fún wa nípa agbára tí Galen ní ní yunifásítì ìgbà yẹn? Ó ju ọdún ogún lọ tí Berengario da Carpi ti sọ ní Bologna pé òun kò rí àwọ̀n náà, síbẹ̀ wọ́n ń kọ́ ọmọ ní àwọ̀n lọ. Kò sí máàkì tó lè gbé ìyẹn jáde. Àfi kéèyàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹ́rìí.

Kí ó tún wo ẹni tí ìwé ń bá sọ̀rọ̀. Charles Karùn-ún, olú ọba, ni Vesalius kọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí, kò sì pẹ́ tí ìwé jáde tó fi di oníṣègùn ààfin. Ìyẹn kò sọ ọ́ di òpùrọ́. Ó ń jẹ́ ká mọ ìdí tí ìwé náà fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ sì fi jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àgbà, torí ẹni tó ń kọ ọ́ ń wojú ọba.

Noosi_Leeds

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara. Wọ́ọ̀dù àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi, bí o kò bá mọ ibi tí nǹkan wà nínú orí, o kò ní mọ ìgbà tí ẹni tó ń kọ̀wé bá fo nǹkan.

Gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ lé iwájú orí. Abẹ́ ibẹ̀ ni frontal lobe wà, tó tóbi jù nínú àwọn abala mẹ́rin: ibẹ̀ la ti ń ṣètò, tí a ti ń pinnu, tí a ti ń kó ara wa níjàánu, ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá ló sì ń pàṣẹ fún apá àti ẹsẹ̀ láti mira. Sún ọwọ́ sẹ́yìn dé àtàrí, parietal lobe nìyẹn, tí ń gba ìròyìn ìfọwọ́kàn. Òkè etí ni temporal lobe, fún ìgbọ́ròó àti ìrántí. Ìpàkọ́ ni occipital lobe, fún ìríran. Ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ ni cerebellum, tí kì í jẹ́ kí ìrìn wa máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, brainstem ló sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ inú eegun ẹ̀yìn, òun ló ń ṣọ́ èémí.

Kí o tó ṣí ìwé Broca, mọ̀ pé òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara, ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí òsì ara. Bí ó bá kọ pé apá ọ̀tún aláìsàn rọ, òsì ni kí o máa wò. Mọ̀ pẹ̀lú pé ojú ọpọlọ kò tẹ́jú, ó ká wọnú ara rẹ̀. Ibi tó yọ sókè ni gyrus, ibi tó rì wọlé ni sulcus. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni Broca ń ka àwọn gyrus abala iwájú, nítorí náà ohun tó pè ní ìkẹta ni èyí tó wà nísàlẹ̀ jù, lọ́wọ́ ẹ̀bátí. Lábẹ́ ìpele eérú tó bo ojú ọpọlọ, okùn funfun ló kún ibẹ̀, tí ń so ibì kan mọ́ ibòmíràn. Ẹni tó wo ojú ọpọlọ nìkan kò tíì rí àwọn okùn náà. Fi èyí sọ́kàn, a máa nílò rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà. Mo ń tọ́jú àwọn tó gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ fún wọn, tí wọ́n mọ ọmọ wọn, tí wọ́n mọ ọjọ́ òní, tí ọ̀rọ̀ kò kàn jáde. Bí o bá ń ka ti Leborgne, aláìsàn tí Broca kọ̀wé nípa rẹ̀, má kà á bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara. Èèyàn tó ń gbọ́ wọn ni.

OmoKetu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi nílé ìwé, mo sì ti ka ìròyìn Broca ní èdè tó fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rò pé kí ọmọ fi ìka sí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1861, wọ́n gbé ọkùnrin ẹni ọdún 51 kan tó ń jẹ́ Leborgne wá sí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ tí Broca ń bójú tó ní Bicêtre, lẹ́bàá Paris. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wú, ẹran ibẹ̀ ti ń kú. Ọdún 21 ló ti lò nílé ìwòsàn náà. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, "tan, tan" ló ń fi dáhùn, pẹ̀lú ọwọ́ òsì tó fi ń ṣàpèjúwe. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ yé, inú á bí i, ìbúra burúkú kan tó ní orúkọ Ọlọ́run nínú á já lẹ́nu rẹ̀. Broca bi í pé ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀. Ó la ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fi ìka kan lé e: mọ́kànlélógún géérégé. Ó kú ní ọjọ́ 17. Ní ọjọ́ kejì, Broca gbé ọpọlọ rẹ̀ lọ síwájú Société d'Anthropologie, ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1859. Lẹ́yìn náà nínú ọdún yẹn ló kọ ìròyìn gígùn fún ẹgbẹ́ mìíràn, Société Anatomique.

Kí ọmọ mú bírò aláwọ̀ mẹ́ta. Àwọ̀ kan fún ohun tí Broca fojú rí nígbà tí Leborgne wà láàyè. Ìyẹn kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ. Àwọ̀ kejì fún ohun tó rí lẹ́yìn tó ṣí agbárí: ihò kan ní òsì abala iwájú, tó ní ó lè gba ẹyin adìẹ. Àwọ̀ kẹta fún ohun tí wọ́n wí fún un, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Pé wárápá ti ń mú Leborgne láti ìgbà èwe. Pé iṣẹ́ gígbẹ́ igi tí àwọn aṣebàtà ń lò ló ń ṣe. Pé ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni apá ọ̀tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ, kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ta ló sọ èyí? Àwọn aláìsàn tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù àti àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn aláìsàn yìí kan náà ló ní olè ni, pé ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀, pé ó máa ń gbẹ̀san. Broca kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ohun tó dùn mí nínú ìwé yìí ni pé ẹnì kejì kò lè rojọ́. "Tan" nìkan ló ní.

Kí ó sì mọ ìdí tí Broca fi sáré gbé ọpọlọ náà lọ. Láti oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n ti ń jiyàn nínú ẹgbẹ́. Gratiolet ní ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ lódindi ni, kò sí pé ibí ni ti èyí, ọ̀hún ni ti ìyẹn. Auburtin ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ibùjókòó tirẹ̀ ní iwájú ọpọlọ. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí Leborgne tó dé wọ́ọ̀dù, Auburtin ti là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn pé bí wọ́n bá ṣí orí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí iwájú ọpọlọ rẹ̀ pé, òun á jáwọ́ nínú ohun tí òun gbà gbọ́. Broca pè é wá wo Leborgne kí ó tó kú. Ìròyìn náà kì í ṣe fáìlì ilé ìwòsàn. Ìdáhùn ni, sí àwọn tó ti jókòó tí wọ́n ń retí rẹ̀.

IyaIbeji_Houston

Ọlọ́run á san án fún yín o. Ọmọ ti ń fi bírò aláwọ̀ sàmì láti àná. Ó ní kí n bi yín: bí ibi tó bàjẹ́ bá tóbi tó ẹyin adìẹ, báwo ni Broca ṣe mọ̀ pé gyrus kẹta gan-an ló ni ọ̀rọ̀ sísọ? Àti pé, bí a bá ti rí i pé kò rí ohun gbogbo, ṣé kí òun fi í sílẹ̀ wá ìwé mìíràn?

OmoKetu

Ọmọ yìí ti ń gbọ́ wọn báyìí. Broca wo ibi tí ìbàjẹ́ ti jinlẹ̀ jù, ó ní ibẹ̀ ló ti pẹ́ jù, ìyẹn ẹ̀yìn gyrus kẹta. Ó wá fi ọdún àìsàn náà kà á: ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ló sọnù, nítorí náà ibi tó kọ́kọ́ bàjẹ́ ló ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá yẹn, àwọ̀ wo ni? Àwọ̀ kẹta ni. Ohun tí Broca rí pẹ̀lú ojú rẹ̀ kò lè dá dúró láìsí ohun tí àwọn ará wọ́ọ̀dù wí fún un. Kí ọmọ kọ ìyẹn ní gbólóhùn kan, kí ó sì sọ ojú ìwé tí ó ti rí i.

Kí ó má sì fi ìwé náà sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, bàbá ẹni ọdún 84 kan tó ń jẹ́ Lelong dé wọ́ọ̀dù Broca pẹ̀lú egungun itan tó ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló kù sí i lẹ́nu: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà gbogbo, "tois" tó dúró fún mẹ́ta ní Faransé, àti "Lelo", orúkọ ara rẹ̀. Iye yòówù tó bá fẹ́ sọ, "tois" ni, á wá na ìka ọwọ́ tó bá iye náà mu. Kò pẹ́ tí òun náà fi kú. Ìbàjẹ́ tirẹ̀ kéré gan-an, agbègbè kan náà ló sì wà. Ẹlẹ́rìí kejì nìyẹn, ó dé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀.

Noosi_Leeds

Ẹ gbà mí láyè. Broca kò gé ọpọlọ méjèèjì sí wẹ́wẹ́. Ó rẹ wọ́n sínú alukọhólù lódindi, wọ́n sì wà ní Musée Dupuytren ní Paris fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2007, Nina Dronkers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wọn sínú ẹ̀rọ MRI, tí ń ya àwòrán inú nǹkan láìgé e. Ìbàjẹ́ náà wọlé jìn ju ohun tí ojú Broca lè rí lọ. Ó dé insula, abala tó fara pamọ́ sínú ọpọlọ, ó sì jẹ àwọn okùn funfun tí mo sọ, pàápàá superior longitudinal fasciculus tó so iwájú ọpọlọ mọ́ ẹ̀yìn. Ti Lelong, díẹ̀ nínú ibi tí ìwé kíláàsì ń pè ní Broca's area, ìyẹn ẹ̀yìn gyrus kẹta, ló bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Àbúrò mi, wo ohun tí èyí fún ọ. Ìwé Broca jẹ́ ẹ̀rí, ọpọlọ tó rẹ sínú ìgò náà jẹ́ ẹ̀rí. Ìwé kò lè sọ ju ohun tí ẹni tó kọ ọ́ rí ní 1861. Ọpọlọ ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò lè bi í nígbà yẹn, torí pé Broca fi í sílẹ̀ lódindi. Bó bá jẹ́ pé ó gé e wò ni, ìròyìn rẹ̀ á kún sí i, àwa kì bá sì ní nǹkan kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé ohun tó dára jù tó ṣe fún wa nìyẹn.

OmoKetu

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rí kẹta wà o, ìwé ìjọba. Broca kò kọ orúkọ àbísọ Leborgne rárá. Cezary Domański, òpìtàn ará Poland, ló lọ wá a nínú àkọsílẹ̀ ìbí àti ti ilé ìwòsàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013: Louis Victor Leborgne, tí wọ́n bí ní Moret ní 1809, ọmọ olùkọ́ ilé ìwé. Ọdún 152 lẹ́yìn tó kú ni orúkọ rẹ̀ tó padà dé. Kí ọmọ pè é ní orúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, kí ó má pè é ní "Tan" bí àwọn ìwé Psychology ṣe ń ṣe.

Akekoo_Ife

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ má jẹ́ kí Willis sọnù láàárín o, torí inú ìwé rẹ̀ ni ohun tí ọ̀bẹ rí àti ohun tí ọkàn rò ti jókòó pọ̀ sójú ìwé kan náà. Cerebri anatome, Lọ́ńdọ̀nù, 1664. Willis dárúkọ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́: Richard Lower tó gbọ́n nínú lílà, àti Christopher Wren tó ya àwòrán, ẹni náà tó wá kọ́ kàtídírà St Paul's lẹ́yìn náà. Òrùka iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ hàn kedere níbẹ̀, orúkọ Willis ló ṣì ń jẹ́ títí di òní. Ó tún sọ ti ọkùnrin kan tí iṣan ọrùn rẹ̀ kan ti dí, tí ọpọlọ rẹ̀ kò sì jìyà rẹ̀, nítorí pé iṣan mìíràn ti fẹ̀ láti gbé ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì á gbà pé ìyẹn ṣì wúlò ní wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ló ti fi ìrántí sí àwọn gyrus, tó fi agbára àfinúrò sí corpus callosum, okùn funfun tó so òsì ọpọlọ mọ́ ọ̀tún, láìsí ọ̀bẹ kankan tó lè fi ìyẹn hàn. Gilbert Sheldon, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ló fi ìwé náà júbà. Charles Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí oyè ní 1660 ni, Ìjọ Áńgílíkà sì ti gba ipò rẹ̀ padà. Ẹni tó ń wá ibùgbé ọkàn pẹ̀lú ọ̀bẹ nílò ẹni tó máa gbà á láàyè.

Bí ààyè bá wà, ẹ fi Steno tì í. Ará Denmark ni. Ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1665, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1669. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ọpọlọ. Ó ní àwòrán Willis ló dára jù nínú èyí tó wà nílẹ̀, ó sì tọ́ka sí ibi tí ó kù sí. Ó tún fi hàn pé pineal gland, ẹṣẹ́ kékeré kan láàárín ọpọlọ, tí Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, ní ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún láti darí ara, kò lè yí, torí bó ṣe so mọ́ ibi tó wà. Ọ̀mọ̀wé tó ń dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀: ọmọ kò ní fi ìmọ̀ òde òní dá wọn lẹ́jọ́ mọ́, wọn á máa bi ara wọn.

OlukoItan

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ọmọ wa dá nìkan bá pàdé, nítorí náà mo padà wá. Nínú ìwé ẹgbẹ́ Broca ti 1861 yẹn kan náà, Broca kọ̀wé lórí ìtóbi ọpọlọ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, ó sì kọ ọ́ láìfi bò pé ọpọlọ àwọn ẹ̀yà tó pè ní ọ̀gá tóbi ju ti àwọn tó pè ní ọmọ ẹ̀yìn lọ. Àwa wà lára àwọn tó tò sẹ́yìn. Àríyànjiyàn tó bí ìròyìn Leborgne gan-an, ìwọ̀n ọpọlọ àti ẹ̀yà ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Gratiolet gbé agbárí ará Totonac kan láti Mẹ́síkò síwájú wọn. Ọmọ dúdú tó bá ṣí ojú ìwé yẹn ní ọ̀gànjọ́ òru níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yẹ kí àgbà ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Kò yẹ kí ó fi pamọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí ó fi í pa ìròyìn Leborgne rẹ́. Kí ó mú bírò mẹ́ta yẹn lọ síbẹ̀. Agbárí ta ni wọ́n ń wọ̀n? Báwo ló ṣe dé Paris, ta ló sì gbà pé kí wọ́n gbé e? Kí ni Broca ti gbà gbọ́ kó tó mú ìwọ̀n lọ́wọ́?

Kí ó sì gbé ẹlẹ́rìí mìíràn tì í. Friedrich Tiedemann, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Heidelberg ní Jámánì, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1836 nínú Philosophical Transactions ti Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó da hóró jéró kún inú àwọn agbárí, ó wọn ohun tó gbà. Ó tún wọn ọpọlọ. Ibi tó dé ni pé kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín ọpọlọ adúláwọ̀ àti ti ará Yúróòpù. Ọdún 25 ṣáájú Broca nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọ wa pé bí gbogbo ayé ṣe ń ronú nígbà yẹn nìyẹn, pé Broca kò lè mọ̀. Ìwọ̀n kejì ti wà nílẹ̀, ẹni tó fẹ́ kà á lè kà á.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni kí ó bi Tiedemann, bó tilẹ̀ sọ ohun tó dùn mọ́ wa. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé ọ̀rọ̀ yìí kan òṣèlú àti òfin. 1833 ni ilé aṣòfin Brítéènì ṣòfin tó fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

IyaIbeji_Houston

N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. A ka ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n pa pọ̀ lánàá, èmi àti òun, a sì pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó ti yàn: Vesalius, Broca, Tiedemann. Ó ní Willis àti Steno á jẹ́ iṣẹ́ mìíràn.

Ìbéèrè kan ló kù. Ó rí i níbì kan pé dókítà kan tó ń jẹ́ Marc Dax ti sọ ní 1836 pé òsì ọpọlọ ló ni ọ̀rọ̀, ṣáájú Broca. Ṣé ó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé 1836?

OlukoItan

Kí ó rọra. Marc Dax jẹ́ dókítà ní gúúsù Faransé, ó kú ní 1837. Ọmọ rẹ̀, Gustave, tí òun náà jẹ́ dókítà, ló tẹ ìwé náà jáde ní 1865, ó ní bàbá òun ti kà á níwájú ìpàdé kan ní Montpellier ní 1836. Ọdún 1865 yẹn kan náà ni Broca kọ ọ́ gbangba pé òsì ọpọlọ la fi ń sọ̀rọ̀. Broca ní kí wọ́n bá òun wádìí ní Montpellier, wọn kò rí ẹni tó rántí pé wọ́n kà á, wọn kò sì rí i nínú àwọn ohun tí wọ́n tẹ̀ nípa ìpàdé náà. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ẹ wo àwọn ẹlẹ́rìí. Ọmọ ń jà fún orúkọ bàbá rẹ̀. Broca ń wádìí ọ̀rọ̀ tó lè gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ìdí. Kí ó kọ ọ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1865, pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ní bàbá òun ti kọ ọ́ ní 1836, kí ó sì sọ orúkọ ẹni tó ní bẹ́ẹ̀. Bó bá ń to àwọn ìwé rẹ̀ ní ọdún sí ọdún, ìlà 1865 ni kí ó fi Dax sí.